Oòrùn Mẹ́tàlélógójì Tí Mo Fi Du Ọmọ Ọdún Mẹ́fà

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní ABD nínú ọgbà yìí tí ẹ ti wá di ọlọ́mọ, ẹ dákun, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé torí mi lẹ ṣe pé jọ. Yàrá tuntun tí ẹ kọ́ fún àwọn ọmọ tí ara wọn kì í balẹ̀ ní kíláàsì, mo mọ̀ pé orúkọ mi lẹ fẹ́ kọ sí i. Ọ̀gá ilé ìwé mú ìwé rẹ̀ wá bá mi nílé ní oṣù méjì sẹ́yìn, ó ní, "Mà, kò sí ẹlòmíràn tó tọ́ sí." Mo gba ìwé náà, mo dúpẹ́, mo tún rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti ń korò lẹ́nu mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, dókítà sì ti sọ fún mi pé ọkàn mi kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí dákẹ́, mo gbé e lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tú u síta lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi sọ pé "ẹ fi sílẹ̀, mà", torí bí mo bá dúró lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní jáde mọ́.

Ó di ọdún méjìlélógún báyìí. Kíláàsì àkọ́kọ́ ni mò ń kọ́ nígbà náà, àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà, méjìdínlógójì nínú yàrá kan ṣoṣo. Ìdákẹ́jẹ́ ni iyì mi. Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi kọjá, ẹ ó rò pé wọ́n ti jáde ilé ìwé. Ìyá Parọ́rọ́ ni àwọn tíṣà ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni jẹ oyè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kan ni wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá. Ìyá-ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní òpópónà ẹ̀yìn ilé ìwé, Ìyá Aránṣọ ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ náà kò lè jókòó. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú pátákó, á ti wà lábẹ́ tábìlì. Bí ẹnì kan bá fara kàn án láti ẹ̀yìn, á yí padà bìrí, á gbá a. Bí mo bá ní kí wọ́n pa ìwé dé lójijì, igbe ni, ìwé á sì máa fò bí ẹyẹ. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìjì. Lójú gbogbo kíláàsì ni mo ti sọ pé, "Ìjì ti dé o, ẹ di ìwé yín mú!" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, òun náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé òun ni. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé ti di ohun ìgbàgbé. Ẹ wo ìwà àgbàlagbà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Aránṣọ wá bá mi nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ tán. Ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ fún gbogbo ayé. Ọmọ mi tó bí i, ó máa ń tì í mọ́lé bó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó lọ, kò padà wá. Ọjọ́ kejì ni àwọn aládùúgbò tó já ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ẹ bá a wí bó bá ṣẹ̀, ẹ ní kó dìde dúró, mi ò ní bínú. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi bẹ̀ yín: ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn." Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Mo ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ yín, ọmọ mi ni." Ẹnu tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ rán ọmọbìnrin kan sí wa. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kì í ṣe pé ó wá kọ́ni ní ìwé. Àwọn ọmọ kéékèèké tó ń da kíláàsì rú ló wá ràn lọ́wọ́, òun àti àwa tíṣà wọn. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Àǹtí Sùúrù láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ó tẹ́ ẹní sí igun fèrèsé mi, ó fi ìrọ̀rí lé e, ó gbé ike omi kan síbẹ̀ tó da yanrìn aláràbarà sí nínú, tó sì dé e pinpin. Ó ní, "Mà, bí ara rẹ̀ bá ti fẹ́ gbóná, kó lọ jókòó síbẹ̀, kó dojú ike yìí dé, kó máa wò ó títí yanrìn á fi wálẹ̀ tán. Kì í ṣe ìjìyà o, mà. Ìsinmi ni." Ṣùgbọ́n ọmọ náà kì í lè fẹnu sọ ọ́ pé inú ń bí òun. Ìyá Aránṣọ ló rí ọgbọ́n sí i. Ó gé àjákù aṣọ pupa kan tí kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ, ó rán etí rẹ̀ yí po kó má baà tú, ó ní kó máa gbé e sórí tábìlì bí inú bá ti ń ru, kí tíṣà lè rí i. Ìwé ojoojúmọ́ ló wá parí rẹ̀. Àpótí márùn-ún ló wà lójú ìwé náà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ti àárọ̀, ti ìwé kíkà, ti ìṣirò, ti eré, ti ìpalẹ̀mọ́. Bí ọmọ náà bá jókòó sí àyè rẹ̀, tí kò lu ẹnikẹ́ni, tó sì tọrọ ohun tó fẹ́ dípò kó já a gbà, èmi tíṣà rẹ̀ á fi òǹtẹ̀ rọ́bà kan tó ní àwòrán oòrùn lu àpótí náà. Bí oòrùn bá pé mẹ́rin lójúmọ́, ìyá rẹ̀ àgbà á jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ yí ẹ̀rọ ìránṣọ fún ìlà kan gbáko. Àǹtí Sùúrù ní, "Ẹ máa wá ibi tó ti ṣe dáadáa, mà, kí ẹ sì sọ ọ́ sí i létí lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí wọ́n pa iṣẹ́ tì, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún." Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Kí wọ́n tó gé ìwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ni.

Ó ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé kò ṣiṣẹ́: ó ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọ náà ka ojú ìwé kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìdìde. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ da igbá àwọ̀ sí i láṣọ. Mo ti ń retí igbe. Ó yọ aṣọ pupa sórí tábìlì, ó rọra dìde, ó lọ dojú ike omi dé, ó wò ó títí, ó padà wá jókòó. Àwọn yòókù kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti yọ. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọdé kan bíi Àǹtí Sùúrù wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà hàn mí lójú ara mi. Nígbà tó di ìpàdé àwa tíṣà, ọ̀gá wa ìgbà náà ní kí Àǹtí Sùúrù dìde. Ó ní, "Ẹ bá mi kí i! Ọmọ tí gbogbo wa ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀!" Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń kọ́ kíláàsì kejì, Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í fi ṣàwàdà. Ó tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Ìyá Parọ́rọ́, wọ́n ti gba oyè lórí ẹ o. Ọmọ àná ló wá ń kọ́ ẹja lódò wíwẹ̀." Àwàdà lásán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi bí ẹ̀gún, mo sì gbé e relé, mo ń fọwọ́ ara mi tì í wọlé sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ní àkókò ìṣirò, ọmọ náà ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe. Mo gbé òǹtẹ̀, mo tún gbé e sílẹ̀. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sínú àpótí náà pé ó já pẹ́ńsù gbà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í. Irọ́ funfun báláú. Mo kọ ọ́ geere láìpa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, èyí ló sì yẹ kó dẹ́rù bà mí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ sílé, ọmọ náà ka àpótí rẹ̀, ìka rẹ̀ dúró lórí ẹ̀kẹta. "Tíṣà, ti ìṣirò ò ní oòrùn." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó ní, "Mo ṣe dáadáa." Mo ní, "Ṣé ìwé ló wá ń parọ́?" Ó wo ìwé, ó wò mí, ó tún wo ìwé. Kò sunkún. Ó kàn ń ronú, bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù sínú àpò ara rẹ̀. Ìyá Aránṣọ wá ní ọjọ́ kẹta. "Tíṣà, ó ta kú pé òun ò gba pẹ́ńsù ẹnikẹ́ni." Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Nínú èmi àti òun, ta ni yóò parọ́?" Obìnrin náà tẹrí ba. Ó ní ìjà ọmọ kò dun òun tó irọ́. Láti ọjọ́ náà, yàtọ̀ sí pé ó gba ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún ń mú un jókòó lójoojúmọ́ kó jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe.

Ẹ má rò pé ìgbà kan ni mo ṣe é, tí Èṣù tì mí. Èṣù kò sí níbẹ̀, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni. Lónìí mo mú ti ìwé kíkà, lọ́la mo mú ti eré. Mo máa ń ṣọ́ra kí oòrùn náà má pé mẹ́rin. Nígbà tí ọmọ náà rí i pé bí òun ṣe dáadáa, bí òun kò ṣe dáadáa, bákan náà ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà tí mò ń kọ sílẹ̀. Ó já pẹ́ńsù gbà lóòótọ́. Ó ta tábìlì nípàá lóòótọ́. Irọ́ mi ti ń bí òótọ́. Àǹtí Sùúrù ló ń kó ìdààmú rẹ̀. Ó jókòó tì mí níbi ìsinmi, ó ń ṣí ìwé náà síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Mà, kò yé mi. Bí mo bá wà níbẹ̀, kì í ṣe báyìí." Mo ní, "Ó ń ṣojú ayé fún ẹ ni." Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tọ́ mi sọ́nà." Ó ń bẹ̀ mí! Ẹni tí mo ń gbẹ́ kòtò fún ló dúró létí rẹ̀ tó ń dúpẹ́ pé mo ń gbálẹ̀. Mo ní, "Kò burú, ọmọ mi. Gbogbo wa la kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀."

Ibi tó burú jù rèé. Àwọn aláṣẹ méjì fẹ́ wá láti ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, láti wò ó bóyá kí iṣẹ́ Àǹtí Sùúrù máa bá a lọ ní ilé ìwé wa, kí wọ́n sì mú un dé àwọn ilé ìwé yòókù. Kíláàsì mi ni wọ́n fẹ́ jókòó sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ náà wọlé wá bí ẹyin tí wọ́n gbé sórí òwú. Ìyá rẹ̀ àgbà ti bá a sọ̀rọ̀, Àǹtí Sùúrù ti bá a sọ̀rọ̀. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ sórí tábìlì. Mo rí i pé bó bá wà báyìí tí wọ́n fi dé, ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo kọ yóò di ìbéèrè. Mo sọ fún Àǹtí Sùúrù pé kó lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá lọ to àwọn ìwé rẹ̀ sílẹ̀ dè wọ́n. Ó ní, "Ṣé kí n má dúró tì í, mà?" Mo ní, "Ṣé èmi kọ́ ni tíṣà rẹ̀ ni?" Ó lọ. Mo wá pe ọmọ náà. Mo fi ohùn tí n kò fi bá a sọ̀rọ̀ rí pè é, mo tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Mo ní, "Wá bá mi mú ṣọ́ọ̀kì nínú yàrá ẹrù." Ẹ̀yin tíṣà, ẹ mọ bí inú ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe máa ń dùn tó bí a bá yàn án. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré. Yàrá ẹrù náà wà ní ẹ̀yìn kíláàsì, kò ní fèrèsé, ìgbálẹ̀ àti àga tó ti ṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ó wọlé, ó nawọ́ sí pẹpẹ. Mo fa ilẹ̀kùn, mo yí kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ yọ àgbà lẹ́nu. "Tíṣà, ilẹ̀kùn ti padé o." Ó rò pé atẹ́gùn ni. Mo padà síwájú kíláàsì, mo ní kí àwọn ọmọ ka ewì wọn sókè. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i. Mo ti rí ṣọ́ọ̀kì náà." Mo ní kí wọ́n ka ewì náà sókè sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Ọmọ kan níwájú ní, "Tíṣà, Ìjì wà nínú—" mo wò ó, ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Ẹlẹ́rìn-ín yọjú láti kíláàsì rẹ̀, ó ní, "Ta ló ń ké báyẹn?" Mo ní, "Wọ́n ní kó lọ fara balẹ̀ ni." Ó wo ilẹ̀kùn yàrá ẹrù, ó wo kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí kò rí ohun tó máa fi ṣẹ̀rín. Ó padà sí kíláàsì rẹ̀, ó fa fèrèsé rẹ̀ dé. N kò dá a lẹ́bi, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn. Mo rìn lọ sẹ́yìn. Mo rí ohun pupa kan lábẹ́ ilẹ̀kùn náà. Àjákù aṣọ rẹ̀ ni. Kò sí tábìlì níbẹ̀ tó máa gbé e lé, ló bá tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn sí mi, ó ń fi ìka rẹ̀ tì í díẹ̀díẹ̀ kí n lè rí i. Ohun tí a kọ́ ọ pé kó ṣe ló ń ṣe. Ó ṣe é bó ti yẹ, ó ṣe é nínú òkùnkùn. Mo dúró, mo ń wò ó. Ìṣẹ́jú méjìlá ló pé lójú aago ara ògiri kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn àlejò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn.

Ohun tó jáde síta kì í ṣe ọmọ tó wọlé. Aṣọ rẹ̀ ti rin fún ìtọ̀. Ó bù mí jẹ ní apá, ó gbá pátákó ìkọ̀wé ṣubú, ó gbé àpótí ìjókòó kan, ó jù ú. Àǹtí Sùúrù ló ń sáré bọ̀ níwájú àwọn àlejò láti dì í mú. Àpótí náà bà á ní ojú, ìpéǹpéjú rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ bò ó, síbẹ̀ ó di ọmọ náà mọ́ra, ó ń sọ pé, "Mo ti dé, mo ti dé." Mo yíjú sí àwọn aláṣẹ, mo ní, "Ẹ ti fojú ara yín rí i." Àǹtí Sùúrù gbé ojú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sókè. "Mà, ta ló fi í sínú yàrá yẹn?" Mo ní, "Ó sá wọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí o fi í sílẹ̀ lọ." Ọmọ náà ní, "Tíṣà ló ní kí n wá mú ṣọ́ọ̀kì." Ọkùnrin aláṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi í tìfẹ́tìfẹ́ pé, "Ṣé òótọ́ ni?" Kó tó dáhùn, mo ti nawọ́ ìwé ojoojúmọ́ sí i. Mo ní, "Ẹ kà á, sà. Ọmọ náà máa ń parọ́." Wọ́n kà á. Wọ́n gbà mí gbọ́. Èèyàn bíi tèmi, ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọ tó le, ibi tó jìnnà tí wọ́n ń sùn sí. Iṣẹ́ náà dópin ní ilé ìwé wa. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé Àǹtí Sùúrù pé ó fi ọmọ sílẹ̀ láìsí olùṣọ́, wọ́n sì dá a dúró. Ìyá Aránṣọ wá bá mi, ojú rẹ̀ wú. Ó fọwọ́ kan ibi tí ọmọ náà ti bù mí jẹ, ó ní, "Tíṣà, ẹ dárí jì wá." Ó rán aṣọ kan fún mi láti fi tù mí nínú, aláwọ̀ ewé, ó bá mi lára mu rẹ́gí. Mo gbà á. Mo wọ̀ ọ́ títí ó fi gbó. Ẹ tún gbọ́: mo wọ̀ ọ́ lọ síbi tí wọ́n ti fún mi ní ẹ̀bùn tíṣà tó dára jù lọ.

Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé yín mú ìwé yẹn wá bá mi ní oṣù méjì sẹ́yìn ni n kò lè fara dà á mọ́. Mo gba òpópónà ẹ̀yìn lọ. Ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń rán kọ́là. Mo mọ̀ ọ́n kó tó gbé ojú sókè. Mo fẹ́ pè é ní "ìwọ", ahọ́n mi kọ̀. "Ẹ̀yin" ni mo pè é. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Kò dá ẹ̀rọ dúró títí mo fi dé ibi ìwé ojoojúmọ́. Ìgbà náà ló gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó ní, "Mélòó?" Mo ní, "Kí ni?" Ó ní, "Oòrùn. Mélòó lẹ mú?" Mo mọ iye rẹ̀, n kò fìgbà kan gbàgbé rẹ̀. Mo ní, "Mẹ́tàlélógójì." Ó gbé kọ́là náà sílẹ̀. Ó wá ní, "Ìyá mi àgbà kú lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Títí tó fi kú, ó ń gbàdúrà kí Ọlọ́run gba irọ́ lẹ́nu mi. Èmi náà gbà á. Mo gbà pé mo máa ń ṣe nǹkan, kí n sì gbàgbé pé mo ṣe é. Títí di òní, bí oníbàárà bá sọ pé mo gé aṣọ òun kúrú, mo máa ń ní kó má bínú kí n tó wọ̀n ọ́n." Ó bojú wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ṣé ẹ wá ń sọ pé mo ṣe dáadáa lóòótọ́?" Mo ní, "Ẹ ṣe dáadáa. Lójoojúmọ́ ni ẹ ṣe dáadáa." Ẹkún gbọ̀n mí, òun kò sunkún. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa fi ọ̀rọ̀ yín ṣe, mà. Ẹ ṣì ní láti lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti pa irọ́ rẹ̀." Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín nìyí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tíṣà, ẹ̀yin tí ìwé ojoojúmọ́ wà lọ́wọ́ yín báyìí, mo bẹ̀ yín. Ohun tí ẹ bá kọ nípa ọmọ kékeré, kò ní agbára láti fèsì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á gbà yín gbọ́, ọ̀gá yín á gbà yín gbọ́, bó bá sì yá, ọmọ náà á gbà yín gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ. Bí ẹni tó kéré sí yín bá mọ iṣẹ́ ju yín lọ, ẹ jẹ́ kó dùn yín, kó dùn yín gan-an, kí ẹ sì lọ jókòó kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní tèmi, ẹ ṣe ohun tí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe. Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, mo fọwọ́ sí i. Ẹnì kan ló kù tí mo ti wá kiri tí n kò rí. Wọ́n ní ó kó kúrò ní ìlú yìí nígbà tí wọ́n dá a dúró, kò sì bá ọmọdé ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà náà. Á ti máa sún mọ́ ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta báyìí, àpá sì máa wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ̀ ọ́n, tàbí bí ẹ bá pàdé rẹ̀ níbikíbi, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bá mi tọrọ àforíjì, ohun yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún un: ọmọ náà ń dára sí i. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ohun tó ṣe. Ó mọ iṣẹ́ náà, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, èmi ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tí mo sì sọ pé kò mọ̀ ọ́n.